Olùkọ́ Tí Ó Tún Di Ọmọ Iṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún. Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe ni ọmọ ń bá a ṣe. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fín iná ní àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gbẹ́ igi, ọmọ onílù a sì mọ ohùn ìlù kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Bí ẹnìkan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kọ́ òmíràn nígbà tí ó ti di baálé ilé, àwọn ènìyàn a máa wò ó bí ẹni tí ọ̀ràn kan ń lé kiri. Lóde òní, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. A ń rí akọ̀wé báńkì, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò àti olùkọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì padà lọ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń lọ kọ́ ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yìí, àti ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ọ ní kíákíá, ni a ó yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà? Ìránṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ń kọ ètò ni ó ń rán an níṣẹ́, èdè tí ó sì fi ń rán an ni a ń pè ní kóòdù. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé, bí ẹni tí ó rán ni bá tilẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tí a rán yóò fi ọgbọ́n tún un ṣe kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Kóòdù kò fi àyè irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá rán kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè kóòdù, bí o bá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ kan ní òkè ìwé, tí o sì fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí. Ẹ̀yin tí mo ń fi bírò pupa fa ìlà sí ìwé yín nítorí àmì ohùn yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ẹni tí ó kọ «ọkọ» níbi tí ó yẹ kí ó kọ «ọkọ́» ti mú ọkùnrin ilé lọ fi ro oko. Èmi olùkọ́ lè fi òye gbé ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní bá a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Yunifásítì, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a fi ń kọ́ ìmọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ẹrù ilé ti wà lọ́rùn rẹ̀ kì í sábà rí àyè bẹ́ẹ̀. Nítorí irú wọn ni a ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ kíákíá sílẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní bootcamp. Àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Dev Bootcamp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú San Francisco ní ọdún 2012, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Dípò ọdún, ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ní Èkó, Andela bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Iyinoluwa Aboyeji wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Nígbà náà, kì í gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó yàn. Ńṣe ni ó ń san owó fún wọn nígbà náà bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà wọn a sì máa bá àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń gba owó ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2023, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ètò kan tí a ń pè ní 3MTT kalẹ̀, pẹ̀lú èrò àtikọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn ní oríṣiríṣi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Bí a bá wò ó dáadáa, ilé ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí àṣà iṣẹ́ kíkọ́ tiwa. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ń jókòó ti ọ̀gá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń tú ohun tí ó rán tì, ó sì ń tún un rán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní bootcamp. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ń kọ kóòdù, méjì méjì ni wọ́n sì sábà máa ń jókòó sí ìdí ẹ̀rọ kan, kí ọ̀kan lè máa ṣọ́ àṣìṣe èkejì. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ télọ̀ lè lo ọdún mẹ́ta kí ó tó gba òmìnira, nígbà tí ọ̀pọ̀ bootcamp kò ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ. Ǹjẹ́ ohun tí a ń fi ọdún kọ́ ṣeé fi oṣù kọ́ bí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án. Jọ́gíráfì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọdún 2017, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 33, tí ó sì ti bí ọmọ méjì, ó sọ fún mi lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ wa pé òun fẹ́ lọ kọ́ kóòdù. Inú bí mi. Mo bi í pé ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò kórìíra iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé oṣù mẹ́rin rèé tí a kò tíì rí owó gbà. Bí mo bá lọ tí kò yọrí sí rere, n óò padà wá. Bí n kò bá lọ, títí láé ni n óò máa bi ara mi léèrè.” N kò rí èsì fọ̀.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Fún odindi ọdún kan ni ó fi ń kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù lálẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè mọ̀ bóyá ó bá òun lára mu. Ó ń tọ́jú owó sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ń ta aṣọ lọ́jà, jókòó ṣe ìṣirò, ìyàwó sì gbà láti gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn èyí ni ó tó wọ bootcamp olóṣù mẹ́fà kan ní Yaba ní ọdún 2018.

Ohun tí ó kọ́kọ́ le fún un níbẹ̀ ju kóòdù lọ ni ìtẹríba. Ọmọ ọdún 24 ni ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ìbá ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ọmọ náà ní ọjọ́ kan pé òun ju ẹni tí ó lè máa bá wí lọ. Nígbà tí ó ṣe, ó rántí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó sì gba ẹ̀kọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ ètò kékeré kan tí yóò máa ro máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé pọ̀. Ètò náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ ni ó ti ń wá àṣìṣe rẹ̀ títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀ ní òru. Ní òwúrọ̀, nítorí pé kò mọ ohun tí òun lè tún ṣe, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sì ń ka ètò náà sí i létí, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìyàwó kò mọ ohunkóhun nínú kóòdù. Ó kàn fi ìka tọ́ ojú ẹ̀rọ, ó ní, “Ṣé «Aropo» tí ẹ kọ síhìn-ín náà ni «aropo» tí ó wà lọ́hùn-ún?” Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó gba oorun lójú ọ̀rẹ́ mi.

Ó parí ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kò parí rẹ̀; arábìnrin kan rí i ní oṣù kejì pé iṣẹ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì padà sí báńkì tí ó ti wá. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, ó rò pé iṣẹ́ ti ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ tí ó ju ogójì lọ. Ọ̀pọ̀ kò fèsì; àwọn tí ó fèsì ń bi í pé ọdún mélòó ni ó ti ṣe é. Oṣù méje ni èyí gbà. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ kóòdù dúró. Ó padà sí orí ètò máàkì rẹ̀, ó tún un ṣe títí àwa olùkọ́ fi lè fi ṣe èsì ìdánwò wa. Ètò yìí ni ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwé rí, tí wọ́n fi gbà á ní ọdún 2019. Owó àkọ́kọ́ tí ó gbà kò ju owó olùkọ́ lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá níbi iṣẹ́ mọ kóòdù jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó mọ bí olùkọ́ ti ń ṣe ìṣirò máàkì, òun ni ó sì mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró ní àwọn ìlú kéékèèké, àti pé ètò tí kò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí i kò wúlò níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí ó rò pé òun jù sẹ́yìn ni ó wá di ohun tí wọ́n gbà á sí.

Kò yẹ kí a fi òótọ́ pamọ́ fún ara wa. Ilé ẹ̀kọ́ kíákíá wọ̀nyí kò ní àṣẹ lórí ọjà iṣẹ́. Dev Bootcamp fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019, Andela dá nǹkan bí 400 òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, nítorí pé àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Láti òpin ọdún 2022, nígbà tí ChatGPT jáde, ẹ̀rọ tí ó lè kọ kóòdù fúnra rẹ̀ ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ kéékèèké tí a ń fún ọmọ iṣẹ́ tuntun ṣe. Irú ẹ̀rọ yìí a máa gbìyànjú láti fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà dénú kò sì lè mọ̀ pé ó ti ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ìwé ìpolówó tí ó wí pé oṣù mẹ́ta ni a fi ń di ọ̀gá, ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi. Ọdún kan ni ó fi múra, oṣù mẹ́fà ni ó fi kọ́ṣẹ́, oṣù méje ni ó fi wá iṣẹ́, ó sì wí fún mi láìpẹ́ yìí pé òun ṣì ń kọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó kúrú; iṣẹ́ náà gùn. Ẹni tí ó bá mọ èyí kí ó tó wọ ọkọ̀ lè pààrọ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ orí yòówù kí ó jẹ́. Ní tèmi, n kò bínú sí i mọ́. Ètò rẹ̀ ni mo fi ṣe ìṣirò máàkì yín ní sáà tí ó kọjá.

Ìbéèrè

1. Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe lo òwe «bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú» láti ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?
2. Kí ni ó jọra, kí sì ni ó yàtọ̀, láàárín bootcamp àti iṣẹ́ télọ̀ kíkọ́?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé ṣe kí ó tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.
4. Ọ̀nà wo ni iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ gbà ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tuntun?
5. Kọ àròkọ kan lórí àkòrí yìí: «Ó sàn kí ènìyàn dúró ti iṣẹ́ kan ju kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ.» Sọ bóyá o gbà tàbí o kò gbà, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.