Ẹ La Hóró Kòkó Wò: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tó Ń Tọ́ Ọmọ Ilé Ìwé Sọ́nà ní Ìdànrè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tí ẹ fi ń tọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tí apá òbí wọn ò ká owó ìwé sọ́nà ń ṣe wọ́n láǹfààní. Ìbéèrè yín wù mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun níbí: láti 1896, nígbà tí ìlú ṣì wà lórí òkè, ni Ìdànrè ti ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí.

1. Ẹ kọ ibi tí ọmọ wà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mélòó ló ń pa ilé ìwé jẹ ní táàmù kan? Ṣé ó lè ka ojú ewé kan kó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ta ni yóò san owó WAEC rẹ̀? Ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ ti gbéra, kò lè sọ bó ṣe rìn tó.

2. Ẹ má fi ayẹyẹ wọn iṣẹ́. Òdòdó pọ̀ lára igi kòkó, díẹ̀ ló ń di èso. Fọ́tò àti aṣọ ẹgbẹ́, òdòdó ni. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò kì í wo ẹwà àpò. Á bu hóró, á fi ọ̀bẹ là á sí méjì, á wò ó bóyá inú rẹ̀ ti bu. Ẹ̀yin náà, ẹ wo inú.

3. Ẹ má gbára lé ọpẹ́ nìkan. Ní 1939, nítòsí Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọmọkùnrin tó ju 500 lọ jọ. Wọ́n ju owó ẹyọ sókè láti yan ìlàjì tí wọn yóò máa tọ́ sọ́nà. Wọn ò fọwọ́ kan ìlàjì kejì. Ètò náà parí ní 1945. Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, onímọ̀ kan, Joan McCord, wá wọn kàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tọ́ ló ní ètò náà ran àwọn lọ́wọ́. Àmọ́ àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọn ò sàn ju àwọn yòókù lọ; níbòmíràn, tiwọn tilẹ̀ burú jù. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní sọ lójú yín pé oore yín ò wúlò.

4. Ẹ fi wọ́n wé ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 lórí Big Brothers Big Sisters, ẹgbẹ́ tó ń wá olùtọ́sọ́nà fún ọmọ ní Amẹ́ríkà, yẹ ọmọ 959 wò. Ìlàjì gba olùtọ́sọ́nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìlàjì dúró fún oṣù 18. Àwọn tó ní olùtọ́sọ́nà kò pa ilé ìwé jẹ tó àwọn tó ń dúró. Bí àyè yín ò bá tó ọmọ, ẹ ṣẹ́ kèké ní gbangba, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́kù mọ ìgbà tó máa kàn wọ́n.

5. Ẹni tí kò bá lè dúró ti ọmọ fún ọdún kan, kó má gbà á. Nígbà tí wọ́n tún ìwádìí 1995 yẹn yẹ̀ wò ní 2002, àwọn tí olùtọ́sọ́nà wọn dúró tó ọdún kan ló jèrè jù. Àwọn tí tiwọn já láàárín oṣù mẹ́ta, ọkàn wọn tilẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì sí i. Ọmọ tí bàbá ti já jù sílẹ̀, ẹ má já a jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

6. Ẹ ka àwọn tó kúrò. Tó bá di oṣù kẹwàá, kòkó ti pọ́n, ọmọ tí ẹ ò rí wà ní abà, ó ń bá ìyá rẹ̀ kó èso jọ. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ lọ bá a ní abà, ẹ yí ọjọ́ ìpàdé padà. Bó bá jẹ́ àwọn tó ṣẹ́kù nìkan lẹ kà, ẹ ti ṣa èyí tó jẹrà dànù kí ẹ tó gbé àpò sórí òṣùwọ̀n.

7. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ìlú, ìbáà korò. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ju 600 lọ. Ẹni tó bá sinmi láàárín ọ̀nà kó lè wẹ̀yìn, kò tíì jáwọ́. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ tún un ṣe.

Tí ọdún bá yí, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí wá bá mi nílé. Orúkọ àwọn tó kúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún mi.