Ẹ̀rọ Amúnáwá Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Ṣiṣẹ́

Kí ọdún 1900 tó dé ni iná mànàmáná ti tàn ní Èkó. Ní ọdún 1972, ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Ní ọdún 2013, a fi iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, iná a máa lọ nígbà gbogbo ní Múṣin, ní Yábà àti ní Sùúrùlérè. Nítorí náà ni onígbàjámọ̀, aránṣọ àti ẹni tí ń ta omi tútù fi ń ra ẹ̀rọ amúnáwá kékeré, èyí tí àwọn ará Èkó fi àwàdà sọ ní "I better pass my neighbour", ìyẹn ni pé, mo sàn ju aládùúgbò mi lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀, iṣẹ́ dúró. Oníbàárà tí a ti gé ìdajì irun orí rẹ̀ kò lè dìde lọ, owó oúnjẹ alẹ́ sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fa okùn ẹ̀rọ títí apá yóò fi máa ro wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣe é lè má tó nǹkan. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni yóò rí ìfun inú èèrà.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́: epo, afẹ́fẹ́, àti iná tí ń ta pàrà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Èkíní, kí á wò ó bóyá bẹntiróòlù wà nínú táǹkì, bóyá a ṣí ẹnu ọ̀nà epo, bóyá a sì tan súìṣì. Epo tí ó ti pẹ́ nínú táǹkì a máa di ọ̀dà, a sì máa dí ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. Ẹ̀rọ ńlá tí ọ́ìlì rẹ̀ ní ààyè ọ̀tọ̀ lè kọ̀ bí ọ́ìlì náà bá fà. Ti ẹ̀rọ kékeré, inú bẹntiróòlù ni a ń po ọ́ìlì mọ́. Èkejì, eruku a máa dí fóòmù tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́; kí á fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ. Ẹ̀kẹta, kí á tú púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá dúdú, kí á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù ún. Bí ó bá tutù, epo ti pọ̀ jù, kí á nù ún gbẹ kí á tó dá a padà.

Ẹ má ṣe bu epo sí ẹ̀rọ tí ó gbóná. Ẹ má sì ṣe gbé e sínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Kì í ṣe lásán ni a ń pe ìlú kan ní Sùúrùlérè.

Ìbéèrè
1. Ohun mẹ́ta wo ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́?
2. Kí ni ó ń fi hàn bí púlọ́ọ̀gì bá tutù?
3. Èé ṣe tí kò yẹ kí á tan ẹ̀rọ amúnáwá nínú yàrá?