Òjé Nínú Ẹran Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ará Lekki àti Ajah, ẹ fiyè sí ẹ̀kọ́ yìí. Láti ọdún 1990 ni a ti ya igbó kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko ní Lekki, a kì í sì í ṣọdẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ìgbẹ́ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ wa láti ìhà Ẹ̀pẹ́.

Òjé ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta ìbọn. Nígbà tí ó bá bá egungun ìgalà, a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, a sì máa tàn ká inú ẹran. Iná kì í pa á. Májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé àti fún oyún. Ní ọdún 2010, òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ ní Zamfara.

Nítorí náà, kí ọdẹ tí ń fi ráífù pa ẹran ńlá yan ọta tí a fi bàbà bò, tí bàbà náà lẹ̀ pinpin mọ́ òjé inú rẹ̀, nítorí kì í tètè fọ́. Èyí tí ó jẹ́ kìkì bàbà sàn jù ú lọ. Kí ẹni tí ń se ẹran gé ojú ọgbẹ́ àti àyíká rẹ̀ kúrò, kí ó sì rì í mọ́lẹ̀, kí ajá má baà jẹ ẹ́. Ẹ̀bùn Olúwa ni ẹran. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di májèlé fún àwọn ọmọ yín.