Ǹjẹ́ Ibà Lè Gbé ní Jos?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nítorí pé Jos tutù, àwọn kan nínú wa ti ká àwọ̀n ẹ̀fọn wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ibà kò lè gbé orí òkè. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó wò.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀dá kan lè gbé, ohun tí ara rẹ̀ gbà ni kí a kọ́kọ́ wò. Kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ dàgbà nínú ẹ̀fọn kí ẹ̀fọn náà tó lè kó o ran ènìyàn. Bí ooru kò bá ju ìwọ̀n 16 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò lè dàgbà. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ yọ 16 kúrò, kí ẹ fi ìyókù pín 111: iye ọjọ́ tí yóò gbà nìyẹn. Ní 25, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ 12. Ní 18, ó lé ní ọjọ́ 55. (Ooru àpọ̀jù náà kò bá a lára mu o! Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ìtànkálẹ̀ ibà á dúró bí ooru bá ti kọjá 34.)

Jos wá ń kọ́? Bí a bá pín ooru rẹ̀ dọ́gba láàárín ọdún, nǹkan bí 22 ni. Ọjọ́ 18 àbọ̀ nìyẹn. Ká ní 90 nínú 100 ẹ̀fọn ń yè lójoojúmọ́, nǹkan bí 14 ni yóò kù láti jẹ wá. Ní ọjọ́ 55, ẹyọ kan kò ní kù.

Yàrá tí àwa mẹ́fà ń sùn, tí a tún ń dáná sí, kì í sì í tutù bí ìta. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn ń sinmi sí lẹ́yìn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ wa yó.