Ológbò Iyanrìn: Ìgbé Ayé Rẹ̀ àti Orúkọ tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun tí kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ti kan òbí ọmọ tuntun. Bí a bá sọ ẹranko kan lórúkọ láìmọ ibi tí ó ń gbé àti bí ó ti ń gbé níbẹ̀, orúkọ náà yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Apẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni ológbò ìgbẹ́ kékeré kan tí ń gbé inú aṣálẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ń pè ní Felis margarita. Àpèjúwe ìgbé ayé rẹ̀ ni yóò ṣáájú níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ orúkọ yóò sì tẹ̀ lé e.

2. Ibùgbé Rẹ̀

Ìdílé kan náà ni ẹranko yìí àti ológbò ilé, ẹkùn àti kìnnìún. Ó wà ní Aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Mòrókò àti Algeria títí dé Niger, Chad àti Ẹ́gíbítì. Ó wà ní ilẹ̀ Arébíà àti ní Iran. Ó sì wà ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ní Turkmenistan, Uzbekistan àti Kazakhstan. Nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, Niger ni ó sún mọ́ ilẹ̀ Yorùbá jù lọ. Kò sí nínú igbó tàbí ọ̀dàn ilẹ̀ Yorùbá rárá, nítorí náà àwọn ọdẹ kò fi orúkọ kankan sílẹ̀ fún un.

Ibi tí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ bá pọ̀ sí, tí ewéko kò sì tó nǹkan, ni ó fẹ́ràn. Ní aṣálẹ̀ Karakum ní Turkmenistan, ojú iyanrìn lè gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 80 ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn; ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè tutù dé ìwọ̀n 25 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ẹranko tí yóò gba ooru àti òtútù báyìí mọ́ra gbọ́dọ̀ ní ara tí ó yẹ fún un.

3. Ìrísí Rẹ̀

Ológbò yìí kéré sí ọ̀pọ̀ ológbò ilé. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà kọjá kílógíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀. Láti orí dé ìdí, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 39 sí 52. Ìrù rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23 sí 31. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iyanrìn, débi pé bí ó bá lúgọ, ojú kì í tètè rí i. Ilà pupa rẹ́súrẹ́sú kan ti igun ojú rẹ̀ kọjá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilà dúdú wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú. Ìrù rẹ̀ sì ní òrùka dúdú díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ dúdú pẹ̀lú.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí. Èkíní ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Irun gígùn tí ó ki bò ó, tí iyanrìn gbígbóná kò fi lè jó o. Irun yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ipasẹ̀ rẹ̀ hàn dáradára, tí ó fi ṣòro fún àwọn tí ń wá a láti tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Èkejì ni etí rẹ̀. Etí náà fẹ̀, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ orí dípò òkè orí, nítorí náà kì í yọ sókè nígbà tí ẹranko náà bá ń yọ́ lọ bá ohun ọdẹ. Nínú agbárí rẹ̀, àpò eegun tí ó wà ní ìdí etí tóbi púpọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 8 gbọ́ràn ju ológbò ilé lọ. Níbi tí ohun ọdẹ kò ti pọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà lábẹ́ ilẹ̀, etí ni ó ń ṣíwájú, ojú ni ó ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ omi. Ó ń mu omi bí ó bá rí i, ṣùgbọ́n omi tí ó wà nínú ara ẹran tí ó pa lè gbé e ró fún ìgbà pípẹ́.

4. Ìṣe Rẹ̀

Ní ọ̀sán, inú isà ni ó ń sùn. Nígbà mìíràn, isà tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kọ̀ sílẹ̀ ni ó ń wọ̀. Nígbà mìíràn, ó ń gbẹ́ tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń dúró ní ẹnu isà, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kí ó tó jáde. Èkúté aṣálẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ. Ó tún ń jẹ alángbá, ẹyẹ kéékèèké àti kòkòrò; ó sì ń pa ejò, títí kan paramọ́lẹ̀ olóró. Ó máa ń fi iyanrìn bo ẹran tí kò jẹ tán, kí ó lè padà wá jẹ ẹ́.

Bí a bá tan iná sí i lóru, kì í sábà sá. Ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó sì ń di ojú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà mú ojú náà dán. Ó lè rin kìlómítà 5 sí 10 ní òru kan. Ní Mòrókò, àwọn olùṣèwádìí so ẹ̀rọ rédíò mọ́ ọrùn díẹ̀ nínú wọn láàrin ọdún 2015 sí 2019; wọ́n rí i pé ilẹ̀ tí òmíràn ń rìn ká ju kìlómítà onígun mẹ́rin 1,000 lọ.

Ó ń dá gbé. Nígbà tí akọ àti abo bá ń wá ara wọn, wọ́n ń ké igbe líle tí ó jọ ti ajá kékeré. Nínú èdè Yorùbá, ajá ni ó ń gbó, ológbò ń ké; ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe àpèjúwe òtítọ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ológbò yìí ń gbó. Oyún rẹ̀ ń tó ọjọ́ 59 sí 66. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni ó sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọmọ ń là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá pé oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n ń dá jẹ̀. Ó ṣòro láti rí wọn débi pé ìròyìn ńlá ni ó jẹ́ ní ọdún 2017 nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ya fíìmù ọmọ mẹ́ta nínú aṣálẹ̀ Mòrókò.

5. Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Victor Loche, ọmọ ogun Faransé tí ó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1858, láti ara èyí tí wọ́n rí ní Algeria. Ó fi orúkọ náà yẹ́ Jean Auguste Margueritte sí, ọmọ ogun Faransé tí ó ṣáájú ìrìn àjò wọn. Ní èdè Látìn, margarita ni péálì. Ẹni tí ó bá túmọ̀ orúkọ náà ní ṣákálá yóò sọ ẹran ìjẹ di ohun ọ̀ṣọ́. Nítorí náà, ìtumọ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ibùgbé ẹranko náà ni ó kù láti wò.

Orúkọ mẹ́ta ni ó lè wá sí ọkàn. Àkọ́kọ́ ni ológbò aginjù. Aginjù ni ibi tí ènìyàn kì í gbé. Igbó kìjikìji lè jẹ́ aginjù. Orúkọ yìí fẹ̀ jù. Èkejì ni ológbò aṣálẹ̀. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ẹlòmíràn. Oríṣi Felis lybica kan wà ní aṣálẹ̀ India. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti fi aṣálẹ̀ pe Felis bieti ti ilẹ̀ China rí, kí wọ́n tó mọ̀ pé orí òkè ni ilé rẹ̀. Àṣìṣe náà tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ń sọ nǹkan lórúkọ. Ẹ̀kẹta ni ológbò iyanrìn. Orúkọ yìí mú ibùgbé, àwọ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ onírun náà pọ̀ sí ojú kan. Òun ni ó yẹ.

6. Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ológbò ìgbẹ́: orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo ológbò tí kì í ṣe ẹran ilé.

Adọdẹ-lóru: ẹranko tí ń wá oúnjẹ ní òru. A kò lo «ẹranko òru», nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ronú sí àjẹ́, èyí tí kò kan ẹ̀kọ́ yìí.

Àpò eegun etí: ihò inú eegun agbárí tí ó mú kí ìró rírẹlẹ̀ dé inú etí.

Sàkání ìjẹ̀: ilẹ̀ tí ẹranko ń rìn ká láti wá oúnjẹ, yálà ó ń lé ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀ tàbí kò lé e.

Ìbáàyíkámu: bí ara àti ìṣe ẹ̀dá ti bá ibùgbé rẹ̀ mu.

7. Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún 2002, àjọ IUCN ka ológbò iyanrìn mọ́ àwọn ẹranko tí ewu ìparun ń sún mọ́. Ní 2016, wọ́n mú un kúrò níbẹ̀. Èyí kò sọ pé ewu ti tán. Ẹran ọ̀sìn ń jẹ ewéko tí èkúté aṣálẹ̀ fi ń yè. Ajá ń pa á. Pàkúté tí wọ́n dẹ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń mú un. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ kà nípa ọ̀rọ̀ yìí ní èdè rẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣì í lọ́nà. Bí ó bá gbọ́ ológbò iyanrìn, ó ti mọ ilé tí ẹranko náà ti wá. Ìyókù ẹ̀kọ́ náà yóò sì rọrùn fún un láti tẹ̀ lé.