Áàpù Ti Lọ, Ẹrù Rẹ̀ Ṣì Wà Nílé

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó nílé wa ní Lake Highlands, níhìn-ín ní Dallas, mo fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ fún ètò wa. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà fi ní ààyè ti tán. Ó yà mí lẹ́nu, torí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo yọ áàpù bíi mẹ́wàá kúrò. Ibo wá ni ààyè náà lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. "Yọ kúrò" ni pé ká mú nǹkan kúrò níbi tó wà. "Pa rẹ́" ni pé kó má sí mọ́ rárá. "Mo pa fáìlì náà rẹ́" là ń wí. Àárín "pa" àti "rẹ́" ni fáìlì máa ń jókòó sí. Pẹ̀lú arọ́pò-orúkọ, ó di "mo pa á rẹ́." Tó bá jẹ́ pé fáìlì fúnra rẹ̀ ló pòórá, "ó parẹ́" ni. Lórí Mac, tẹ́ ẹ bá wọ́ áàpù sínú Trash, ẹ yọ ọ́ kúrò ni, ẹ ò tíì pa gbogbo nǹkan rẹ̀ rẹ́. Bí ayálégbé tó kó jáde àmọ́ tó fi àpótí àti bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ni.

Inú fódà Library lẹrù náà wà. Apple fi fódà yìí pamọ́ ni, kí àwọn èèyàn má baà ṣèèṣì fọwọ́ kàn án. Nínú Finder, ẹ tẹ bọ́tìnnì Option mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí Go, ẹ máa rí i. Ohun tó wà nínú Caches, áàpù kó o pamọ́ kí iṣẹ́ lè yá ni. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, á tún òmíràn kó jọ. Application Support yàtọ̀ o! Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín lè wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ṣàṣìṣe. Mo rí fódà kan tó ń jẹ́ MobileSync, ó ju 60 GB lọ. Mi ò rántí áàpù kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i, mo bá Backup níbẹ̀, inú rẹ̀ sì kún fún àwọn orúkọ gbọọrọ, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán. Mo ní ìdọ̀tí ni. Ni mo bá wọ́ ọ sínú Trash. Ìyàwó mi tó ń kọjá ló dá mi dúró: "Daddy wa, ẹ dúró ná. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni nǹkan orí fóònù yín àtijọ́ wà?"

Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni Mac ń kó àdàkọ iPhone sí, tẹ́ ẹ bá ní kó fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Fóònù yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ohùn ìyá àgbà mi wà nínú àdàkọ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń kì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Wọ́n ti dolóògbé, kò sì síbòmíràn tí ohùn náà wà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ Put Back.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa àdàkọ fóònù rẹ́, ẹ so fóònù mọ́ Mac, ẹ lọ sí Manage Backups nínú Finder. Orúkọ fóònù àti ọjọ́ á hàn níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà lásán.

Ẹ̀yin oní-Windows, AppData ni tiyín. Windows.old tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìgbéga máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10. Ẹ má fọwọ́ pa ohunkóhun rẹ́ nínú WinSxS. Ẹ lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún Downloads tó wà láàárín wọn níbẹ̀, àbí fọ́tò yín wà ńbẹ̀?

Èmi, mo kó Caches àti fódà àwọn áàpù tí mo dá mọ̀ dájú sínú Trash, mo sì lo kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó dà á nù. Ààyè kì í ṣí sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá dà á nù. Mo rí 35 GB gbà. Àdàkọ fóònù yẹn wà lórí háàdì dírááfù méjì báyìí, ọ̀kan nílé wa, ìkejì lọ́wọ́ àbúrò mi.