Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Òkun Kékeré Nínú Àpótí Dígí

Ta ni nínú yín tí kò rí iyùn rí? Àwọn ọba wa máa ń fi í sí ọrùn àti ọwọ́ lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkúta lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń gbé inú òkun ni ó ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé. Oríṣi iyùn pọ̀. Àwọn kan a máa gbé pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ilé òkúta wọn a sì di òkìtì ńlá. Òkìtì iyùn tó tóbi jù lọ ní ayé wà ní etíkun Queensland, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ó gùn ju 2,000 kìlómítà lọ.

Àwọn tó fẹ́ràn láti máa wo iyùn àti àwọn ẹja aláràbarà tí ń gbé láàrin rẹ̀ a máa sìn wọ́n nínú àpótí dígí. Wọn a bu omi sí i, wọn a po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, wọn a sì tan iná sórí rẹ̀ ní ipò oòrùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, omi a mọ́ gaara. Láìpẹ́, ohun kan bí eruku, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, a bo iyanrìn àti dígí. Bó bá tún ṣe díẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé a hù bí irun sára òkúta. Ẹ̀yin náà mọ ẹbí rẹ̀: òun ni ohun tí ń yọ̀, tí í bo ara àmù tí a kò fọ̀, tí màmá yín máa ń ní kí ẹ fi kànìnkànìn ha kúrò. Koríko omi ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí a kò bá mójú tó o, a bo iyùn mọ́lẹ̀, iyùn náà a sì kú.

Kí ni koríko omi ń jẹ? Ajílẹ̀ ni. Àgbẹ̀ tó da ajílẹ̀ sí oko àgbàdo mọ̀ pé èpò náà yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹja inú àpótí ń jẹun, ó ń tọ̀, ó sì ń yàgbẹ́. Oúnjẹ tí kò jẹ tán a jẹrà nísàlẹ̀ omi. Láti inú gbogbo èyí ni amóníà ti ń jáde, májèlé ni fún ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára òkúta àti iyanrìn tí ń sọ amóníà di náítíráìtì. Májèlé ni ìyẹn náà. Àwọn mìíràn a tún sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kò le tó ti àwọn méjì ìṣáájú. Ajílẹ̀ gan-an ni náítíréètì. Oúnjẹ ẹja sì tún ń mú ajílẹ̀ mìíràn, fọ́sífeètì, wọ inú omi.

Àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí kì í pọ̀ tó lọ́jọ́ kan. Ó lè gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni oníwàdùwàdù ti máa ń kó sí wàhálà. Yóò ra ẹja púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá rí koríko omi, yóò kó gbogbo òkúta jáde, yóò fi omi ẹ̀rọ fọ̀ wọ́n. Omi ẹ̀rọ sì ní kiloríìnì tí a fi ń pa kòkòrò àrùn. Kiloríìnì kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Yóò pa gbogbo wọn. Àpótí a mọ́ tónítóní, amóníà a tún pọ̀, ẹja a sì léfòó, ikùn lókè.

Ẹni tó ní sùúrù a fi ẹja kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀. Yóò máa fi ọwọ́ tu koríko omi díẹ̀díẹ̀, yóò kó ìgbín òkun sí i kó máa jẹ ìyókù, yóò sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ àjùlọ ni mo rò pé ó ń ba àpótí jẹ́ jù, nítorí ẹja kì í sọ pé òun ti yó.

Ní ọdún 1987, wọ́n ṣí àpótí iyùn ńlá kan ní ìlú Townsville, ní Queensland. Omi inú rẹ̀ tó 2,500,000 lítà. Ọgbọ́n tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Walter Adey, gbé kalẹ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀: koríko omi ni wọ́n fi lé koríko omi! Wọ́n jẹ́ kí omi àpótí máa ṣàn gba orí àwọ̀n tí iná ń tàn sí. Koríko omi hù sórí àwọ̀n náà, ó sì ń jẹ ajílẹ̀ inú omi. Wọ́n a máa ha á kúrò, ajílẹ̀ tó ti jẹ a sì bá a lọ.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú ajílẹ̀ kúrò pátápátá. Nínú ẹran ara àwọn iyùn tí ń kọ́ òkìtì, koríko omi kíkíkí kan ń gbé, òun ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún iyùn. Òun náà nílò ajílẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá rí i rárá, iyùn a ṣì, a sì rù.

Ìdánrawò
1. Kí ni ó fà á tí ẹja oníwàdùwàdù fi kú?
2. Kí ni koríko omi fi jọ èpò oko?
3. Báwo ni àwọ̀n ṣe ń mú ajílẹ̀ kúrò nínú omi ní Townsville?
4. Bu omi odò sínú ìgò méjì. Fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀kan, kí o sì gbé méjèèjì sí ojú fèrèsé. Má ṣe mu omi náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kọ ohun tí o rí sínú ìwé rẹ.